Ẹyin Lohùn: Ìmọ̀ràn fún Ilé-iṣẹ́ tí Ó Fẹ́ Bá Ará Ìlú Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo bá rí bẹ́ẹ̀, mélòómélòó ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń ná owó wọn fún? Lóde òní, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí kì í kọ̀wé sí ará ìlú lórúkọ ara rẹ̀. Báńkì ń kọ, ilé-ìwòsàn ń kọ, ọlọ́kọ̀ èrò náà ń kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá ni a ó sì gbà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ń mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní láárí, àti ohun tí ń sọ ọ́ di ariwo ọjà lásán.

Ìlú kan tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Lọ́kọ́jà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ilé-iṣẹ́ kan ti fi ìgbà kan jọba lórí omi náà. Ní oṣù Keje ọdún 1886 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ George Goldie ní ìwé àṣẹ, tí ó fi di Royal Niger Company. Òun ni ó ń tajà, òun ni ó ń gba owó ibodè, òun náà ni ó ní ọmọ ogun. Láti Lọ́kọ́jà ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti gbéra lọ bá Bídà jà ní ọdún 1897, kí wọ́n tó kọjú sí Ìlọrin.

Ilé-iṣẹ́ yìí mọ òfin í ṣe. Ṣùgbọ́n kò ka àlàyé sí. Àwọn ará Nẹ́ḿbè, tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, ti ń ṣòwò epo pupa kí ó tó dé. Òfin rẹ̀ sọ wọ́n di àjèjì lórí omi tí àwọn baba wọn ń tù; owó ìwé àṣẹ àti owó ibodè tí ó bù fún wọn kò jẹ́ kí òwò náà ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n ráhùn títí, òfin kò yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1895, Ọba Koko kó ogun ja ibùdó ilé-iṣẹ́ náà ní Àkásà. Ní oṣù kejì rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi iná sun Nẹ́ḿbè. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rán Sir John Kirk wá láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀, wọ́n sì ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè.

A kò lè sọ pé àìkọ̀wé nìkan ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀; ìdíje pẹ̀lú àwọn Faransé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé dídùn kì bá tí wo ọgbẹ́ tí òfin burúkú dá. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: kí ilé-iṣẹ́ tó mú kálàmù, kí ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí owó tí ó ń gbà bá pọ̀ jù, kí ó dín in kù. Kí ó má ṣe gba akọ̀wé láti wá fi ọ̀rọ̀ bò ó.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ọwọ́ àrólé ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1929, ó wọ inú ìdàpọ̀ tí ó bí United Africa Company, tí gbogbo ayé mọ̀ sí UAC. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1948, àwọn ará Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, kọ̀ láti ra ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó nítorí ọ̀wọ́n gógó. Nii Kwabena Bonne ni ó ṣíwájú wọn. Nígbà tí rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní Àkrà ní ìparí oṣù Kejì, wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù UAC pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1948 yìí kan náà ni UAC bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan jáde, tí ó pè ní Statistical and Economic Review. Ìwé náà kì í ṣe ìpolówó ọṣẹ tàbí aṣọ. Ó ń ṣàlàyé bí òwò ti ń lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bí àpẹẹrẹ, ní ọdún 1949, ó kọ̀wé lórí mànílà, owó onírin tí a ṣe bí ẹ̀gbà ọwọ́, tí wọ́n ń ná ní apá Ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí ìjọba sì ń kó kúrò nílẹ̀ nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ náà ń ṣòwò níbi tí wọ́n ti ń ná owó náà. Ó lè mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ibẹ̀ ni pàtàkì ọ̀rọ̀ wà. Ìwé ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ ní kíkà ni èyí tí ó sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ láti inú iṣẹ́ rẹ̀, tí ará ìlú sì nílò. Bí ọ̀gá ṣe gba àmì-ẹ̀yẹ, ìyẹn lè dùn mọ́ ọ̀gá. Kò kan ìyá alákàrà. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá ṣàlàyé ìdí tí a fi yọ náírà mélòó kan nínú owó rẹ̀, yóò ka ìwé náà parí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omíyalé bo títì Lọ́kọ́jà sí Abùjá mọ́lẹ̀ ní apá Koton-Karfe. Táńkà epo tò bí èèrùn, epo bẹntiróòlù sì wọ́n ní Abùjá. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọlọ́kọ̀ èrò méjì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní kọ pé ìtùnú èrò ni ó jẹ òun lógún, kí wọ́n ní sùúrù. Èkejì kọ pé: “Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ òní ni a kọ èyí. Omi bo títì. Ọkọ̀ wa kò ní gbéra. Ẹni tí ó ti sanwó lè wá gba owó rẹ̀ padà. A ó tún kọ̀wé ní agogo méjìlá.” Èkíní dùn létí, èkejì ni ó gba ẹ̀mí là. Ó sọ àkókò, ó sọ ohun tí ó mọ̀, ó sọ ohun tí yóò ṣe, ó sì dá ìgbà tí yóò tún sọ̀rọ̀. Bí agogo méjìlá bá lù tí kò sì kọ nǹkan kan, gbogbo iṣẹ́ rere rẹ̀ ti wọmi.

Èdè náà ṣe kókó. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ìjọ C.M.S. ni ó ń ṣojú fún. Síbẹ̀, èdè àwọn tí yóò kà á ni ó fi kọ ọ́. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, wọ́n sì rà á. Ní Lọ́kọ́jà, Ọ̀wọ́rọ̀, Nupé, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá ni ó ń pàdé lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò nìkan sí wọn, ara rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ku ọ̀kan. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba èsì. Kí orúkọ ẹni tí ó kọ̀wé wà lábẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè mọ ẹni tí yóò bi. Bí oníbàárà bá fi ẹ̀hónú hàn, kí a má ṣe pa lẹ́tà rẹ̀ mọ́. Kí a dá a lóhùn ní gbangba. Bí àṣìṣe bá wọ inú ìwé, kí a tún un ṣe, kí a sì sọ pé a tún un ṣe. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Akọ̀wé tí ó bá sì kọ irọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni a ó ti bá a.