Ohun Tí Ọkọ Mi Kò Lè Rí ní Sókótó

Tọkọtaya tó bá ń lọ gbafẹ́ ní Sókótó, kí wọ́n má rò pé ohun kan náà ni ojú àwọn méjèèjì yóò rí níbẹ̀. Ìjà ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ọmọ Ìlọrin ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbèrò àtirí ìlú tí Muhammad Bello tẹ̀ dó ní 1809, kí a sì jẹ oúnjẹ ibẹ̀ tẹ́rùn. Láyé àtijọ́, ìrìn-àjò yìí le. Òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Clapperton, gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kìíní 1826, ó dé Sókótó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á nítòsí ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1827. Ọkọ̀ òfurufú ni àwa wọ̀, nítorí ọ̀nà Kòǹtàgórà kò fini lọ́kàn balẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ìgbà ọyẹ́ ni a lọ. Ooru ni a ń sá fún: ní oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán ibẹ̀ a máa lé ní 40°C.

Ìdí súyà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìlọrin, èmi àti ọkọ mi lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì onísúyà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú dáadáa. Ní Sókótó, ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kàn dákẹ́ nígbà tí mo jókòó, wọ́n gbójú kúrò lára mi, ọkọ mi nìkan ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ ni lójú tiwọn. Lójú tèmi, àfi bí ẹni pé n kò sí láyé. Mo ní kí á máa lọ. Inú bí bàbá àwọn ọmọ mi, nítorí ẹran kò tíì jinná. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì ń ro gbogbo owó tí a ti tù jọ nítorí ìrìn-àjò yẹn.

Ìyá àgbà kan, ará Ṣakí, tó ti ń ta aṣọ ní Sókótó láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ló tú u palẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí ọkọ rẹ lọ síbi tí ọkùnrin ń lọ. Ìwọ, máa bọ̀ nínú ilé.” Ó mú mi wọ agboolé kan tí ọkùnrin àlejò kì í kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹlẹ́hàá ni àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọn kì í lọ sọ́jà, síbẹ̀ oníṣòwò ni wọ́n: inú ilé ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, àwọn ọmọdé ló ń gbé e jáde lọ tà. Wọ́n ń dín máásà lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́jú kó lè wú, ni wọ́n ń bù sínú àwo dídín oníhò, tí wọ́n sì ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè pọ́n. Ọbẹ̀ elégédé àti ẹ̀pà ni wọ́n fi gbé e síwájú mi. Lẹ́yìn náà, túwó àti ọbẹ̀ kúkà dé. Lúrú tí ìyá ọkọ mi ń sè ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ni, pẹ̀lú irú nínú, àfi pé òróró wàrà màlúù ni wọ́n dà lé e lórí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Fùrá wọn sì nípọn: jéró tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ atalẹ̀ àti kànáfùrù, tí wọ́n fọ́ sínú nọ́nọ̀ (wàrà kíkan) nínú igbá.

Bí mo ṣe ń jẹun, ọkọ mi wà ní Kàrá, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn. Ó rí ewúrẹ́ pupa Sókótó, èyí tí awọ rẹ̀ máa ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà dé Yúróòpù láyé àtijọ́, tí wọ́n sì ń pè é ní awọ Mòrókò níbẹ̀. Ó wo bí wọ́n ṣe ń la ẹran pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ fún kílíṣí, tí wọ́n ń sá a sóòrùn, tí wọ́n ń fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata kùn ún, tí wọ́n tún ń sá a kí wọ́n tó fi iná rà á lára. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ìdí nìyẹn tí kílíṣí wọn fi dára.

A jọ lọ sí Hubbare, níbi tí sàréè Ṣéhù Usman dan Fodio, olùdásílẹ̀ ìjọba Sókótó tó kú ní 1817, wà. Abẹ́ Gwandu, apá ìjọba náà tó wà lọ́wọ́ Abdullahi àbúrò Ṣéhù àti àwọn ọmọ Abdullahi, ni Ìlọrin wà láyé àtijọ́, nítorí náà orúkọ Ṣéhù kò ṣàjèjì sí mi. Mo bá àwọn obìnrin wọlé, àwọn ló sì sọ fún mi pé ibẹ̀ náà ni Nana Asma'u, ọmọ Ṣéhù lóbìnrin, sùn sí. Obìnrin tó kọ ewì ní èdè Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá ni, tó sì dá ètò Yan Taru sílẹ̀ kí àwọn obìnrin abúlé lè kàwé. Ó kú ní 1864. Ọkọ mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí àfi ìgbà tí mo sọ ọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí kílíṣí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe lálaalẹ́: ó sọ tirẹ̀, mo sọ tèmi. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ọkọ, n kò rántí ìgbà tí ọ̀rọ̀ wa dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kò wù mí kí ẹ̀há dé ilé tèmi. Àmọ́ oúnjẹ tó dùn jù lọ ní Sókótó, inú ilé ló wà, obìnrin ló sì lè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní. Ẹ mú fọ́tò ìgbéyàwó dání, nítorí wọ́n bi wá nílé ìtura bóyá tọkọtaya ni wá. Kí obìnrin mú ìborùn tó gbòòrò lọ. Ẹ wá Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀ kó mú yín mọ ìlú. Bí wọ́n bá sì pe ìyàwó wọlé, kí ọkọ jọ̀wọ́ dúró síta, kó má bínú.