Igi tíìkì Bàbá Àgbà ti di igbó

Ẹ jókòó, ìtàn yìí gùn díẹ̀ 🧵

Bàbá Àgbà gbin tíìkì sórí ilẹ̀ kan ní Èmùré-Èkìtì. Wọ́n ní òpó iná làwọn máa tà, káwọn ọmọ fi lọ ilé-ìwé. Wọ́n kú, kò sẹ́ni tó ro ibẹ̀ mọ́. Ó ti lé lógún ọdún.

Lóṣù tó kọjá, oníṣòwò pákó kan dé. Ó fẹ́ ra gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó ní ká kọ́kọ́ finá sun abẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ òun lè wọlé. Àbúrò bàbá mi ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Igbó lásán." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Màmá Àgbà ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ wò ó.

Ẹ̀gbẹ́ títì la kọ́kọ́ dé. Ọdọọdún niná ń jó ibẹ̀, torí ewé tíìkì fẹ̀, tó bá sì wọ́ sílẹ̀ lọ́gbẹlẹ̀, á gbẹ bíi páálí. Koríko àti ewé Akíntọ́lá nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ rí i?" Wọ́n ò dá mi lóhùn.

A wá sọ̀ kalẹ̀ sétí odò, níbi tíná kì í dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibòmíì pátápátá ni! Màmá ń dárúkọ wọn bí ẹni ń kí ẹbí: akòko, ire, ahun, arère, ọ̀pẹ. Ìrókò kan wà tí ò ju èjìká mi lọ. Mo ní ta ló gbìn ín? Wọ́n ní, "Àdán ni." Àdán jẹ èso ìrókò níbòmíì, ó wá yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbí. Ti ahun àti arère fúyẹ́, atẹ́gùn ló gbé wọn wá.

Íńdíà lọ́hùn-ún ni tíìkì ti wá. Àlejò la gbìn, onílé ló padà dé.

Àmọ́ ó dìgbà tí ìyá igi bá wà nítòsí. Igbó ìjọba Ìsẹ̀, níbi tí ìnàkí ṣì wà, ò jìnnà sí wa. Tí wọ́n bá gé igi ibẹ̀ tán, kí ni àdán fẹ́ gbé wá?

Mo fi fọ́tò han ẹbí. A gbà pé ká ta tẹ̀gbẹ́ títì, ká fi tetí odò sílẹ̀, ká má sì dáná rárá. Oníṣòwò náà gé owó. Owó ilé-ìwé tèmi ló sì wà nínú ohun tó gé. Mi ò tíì mọ ibi tí màá ti rí ìyókù, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní tíìkì tàbí mẹlína tẹ́nì kan ò ro mọ́, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná sí i. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání.