Ìyá Lọ́yà

Ọjọ́ tí lísìtì jáde, tí orúkọ mi wà níbẹ̀ pé wọ́n ti gbà mí sí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, ni àwọn ará àdúgbò wa ti sọ màmá mi di Ìyá Lọ́yà. Mi ò tíì ṣí ìwé òfin kan ṣoṣo nígbà yẹn o. Bí láńlọ́ọ̀dù bá da ẹrù ẹnì kan síta, ìdí igbá èlùbọ́ màmá mi ni yóò kọ́kọ́ sáré wá. "Ìyá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi ọmọ yín." Kí ni n ó sọ? Màá ní kí wọ́n ṣe sùúrù, wọn á sì máa yìn mí.

Agolo kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa nílé. Owó wíìgì àti gáúnù ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ọjọ́ ọjà tí màmá mi kì í ju nǹkan sí i.

Mo ti wà ní ọdún kẹrin báyìí. Ó ku ọdún kan ní yunifásítì, ó ku Law School tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, kí wọ́n tó pè wá wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, ká tó wá lọ sin ilẹ̀ bàbá wa fún ọdún kan. Nínú hóstẹ̀lì, ohun tí a ó dà lẹ́yìn gbogbo èyí la máa ń sọ mọ́jú. Rúùmétì mi fẹ́ ṣe akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ní báǹkì, ó ní òun ò lè máa láàgùn nínú gáúnù dúdú. Ẹlòmíì ní adájọ́ lòun máa ṣe, "Olúwa mi" la sì máa ń kí i bó bá ń fọ abọ́. Ẹnì kan nínú rúùmù kẹta dárúkọ Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1976 kí tálákà lè rí lọ́yà. A bú sẹ́rìn-ín. A ní ta ló fẹ́ jẹ gbèsè?

Èmi ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé wa yìí mọ̀ mí, ewì ni mo ń kọ. Bí mo bá fẹ́ tu ara mi nínú, mo máa ń rántí Tádé Ìpàdéọlá, agbẹjọ́rò tó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà lọ́dún 2013 nítorí ìwé ewì rẹ̀, tó sì tún ti tú Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ kì í ṣe òun ló yí mi lọ́kàn padà. Kóòtù ni.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà kan. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé báàgì, kí n sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní kóòtù májísíréètì. Lọ́jọ́ kan, kó tó kan ẹjọ́ wa, wọ́n mú ọkùnrin kan wọlé lórí ọ̀rọ̀ fóònù. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní lọ́yà. Wọ́n bi í pé níbo ló ti rí fóònù ọ̀hún. Ó nawọ́ sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́, ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti gbà á." Akọ̀wé tó ń ṣe ògbufọ̀ yíjú sí adájọ́, ohun tó sì sọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọkùnrin náà já a gbà.

Ẹ gbọ́ ná. Bí mo bá gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ màmá mi, ṣé mo jà wọ́n lólè ni? Ṣùgbọ́n adájọ́ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀gá mi. Ó rọra ní, "Ẹjọ́ tiwa kọ́ nìyẹn." Òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ò sì lẹ́nu ní kóòtù. Mo dákẹ́. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Bí wọ́n ṣe ń mú ọkùnrin náà lọ, ó kí wa: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin lọ́yà."

Mo mọ òfin yẹn lórí. Abala 36(6)(e) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́, gbọ́dọ̀ rí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Mo gba máàkì dáadáa nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá nínú ìdánwò pé bí ògbufọ̀ bá ṣì í sọ ńkọ́. Èmi ò tiẹ̀ bá akọ̀wé yẹn wí púpọ̀. Láàárọ̀ yẹn nìkan, ẹjọ́ tó ti tú ti lé ní mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ ti há.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn: kí n parí, kí wọ́n pè mí, kí n wá máa túmọ̀ òfin, ìwé ilé, ìwé ogún, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Rúùmétì mi rẹ́rìn-ín títí. "Ọdún méje, kó o wá di akọ̀wé kóòtù?"

Mo sọ fún màmá mi ní Sátidé tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń jọ èlùbọ́. Wọ́n dáwọ́ dúró. "Ògbufọ̀ kẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń wọ wíìgì?" Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún wọn, láti orí "gbà" dé orí "já gbà". Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jọ èlùbọ́ wọn, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

"Ìwọ wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"O sì dákẹ́."

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni wọ́n sún ẹjọ́ náà sí, mo ní oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo jáde, wọ́n ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní owó ọkọ̀ nìyẹn, kí n sì mú lọ́yà tó ti wọ wíìgì dání lọ.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo padà dé hóstẹ̀lì, mo lọ kan ilẹ̀kùn rúùmù kẹta.