Ọ̀nà Èéfín Ilé Yín Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ti ọbẹ̀, ti èéfín ni.

Ní àgbàlá wa ní Ìkòsì, a ní àdògán kan tí a fi bíríkì mọ, tí ọ̀nà èéfín rẹ̀ gba orí òrùlé jáde. Gáàsì wà nílé. Ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ bá fò sókè, tàbí bí ìkòkò ńlá bá fẹ́ gorí iná fún ìsọmọlórúkọ tàbí ọdún Iléyá, igi ni à ń fi dáná. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa.

Gbogbo ìyàwó ilé ló mọ bí a ti ń kó eérú. Agbára káká ni ẹ óò fi rí ẹni tí ń wo òkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkè lọ́hùn-ún ni ewu wà. Dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ inú ọ̀nà èéfín, igi tí kò jóná tán ni. Bí igi bá tutù, dúdú náà a pọ̀ sí i, a sì máa yi bí ọ̀dà. Bí ó bá nípọn, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè ràn án. Bí ọ̀nà bá sì dí, èéfín yóò padà wọlé tọ̀ yín wá, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí ó wà nínú wọn lé ní 237,000. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn oníṣègùn fi aboyún 324 ṣe ìwádìí kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Àwọn kan gba sítóòfù tí ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná lọ. Nígbà àyẹ̀wò ìkẹyìn, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 1.9 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́, ó sì wà lára 6.4 nínú 100 àwọn yòókù.

Báyìí ni àwa ti ń tún tiwa ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí nígbà tí dúdú inú rẹ̀ bá ti nípọn tó mílímítà 3. Ẹ jẹ́ kí iná kú, kí ó sùn mọ́jú, nítorí ẹyin iná a máa fara pamọ́ sábẹ́ eérú. Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ wé orí. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù dí ẹnu àdògán. Kí ẹni tí yóò gun àkàbà kọ́kọ́ wò bóyá ẹyẹ ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀, kí ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn gbá a láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí eruku rọlẹ̀ kí ẹ tó ṣí àpò. Ẹ wọ́n omi sí eérú, ẹ kó o sínú garawa onírin tí ó ní ìdérí, ẹ gbé e síta jìnnà sí pákó. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá: ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀, bí ẹyin iná bá sì wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ bíríkì. Kí ó ti tutù o. Omi tútù a máa sán bíríkì gbígbóná. Ibi tí ó bá lanu, ẹ fi amọ̀ dí i.

Ọmọ ìbátan wa kan, ọmọ ọdún 9, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nígbà kan tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, aládùúgbò wa kan ní, “Ìyá, ẹ rán ọmọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kéré, yóò wọ inú rẹ̀ dáadáa.” Mo ní rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n ń rán gun inú ọ̀nà èéfín láti gbá a. Ní 1775, dókítà Percivall Pott ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ sílẹ̀ pé dúdú èéfín ń fa jẹjẹrẹ fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, ó di 1875 kí òfin tó fòpin sí lílo ọmọdé: ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko!

Àwa náà ńkọ́? Nínú ilé wa, ta ni à ń sọ fún pé kí ó lọ gbá ibẹ̀? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí láti sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹlòmíràn náà ní ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni.

Bí ẹ bá sì ń jí dáná sàárì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, òtútù kò lè ṣe yín tó èéfín. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, ẹ gbójú sókè wo ọ̀nà èéfín yín lónìí.