Má Tíì Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Middlesbrough,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kúnlẹ̀ kí Màmá tí wọ́n ń bá ọ wẹ ọmọ. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti sọ pé omi ọmú ń rin aṣọ iṣẹ́ mọ́ ọ lára nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ lábẹ́ bíríìjì Dópẹ̀mú, tí ọmọ ti ń ké nílé, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tẹ̀lé e ni mo ń fèsì sí. Má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

O ní ayé ìdẹ̀ra ni mo wà. Ìlú yìí jọ àdúgbò wa ju bí o ti rò lọ. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà ló pọ̀ ní ẹ̀bá odò Tees. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́míkà ní Billingham. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń wọlé iṣẹ́, á dà bíi pé òpópónà Ọba Akran ní Ikẹjà ni mo wà. Ọkọ mi ló ń gbé ọmọ lọ sí nọ́sìrì láàárọ̀, èmi ni mo ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bí mo bá pẹ́, owó ìtanràn ni. Kò sí Màmá, kò sí ìyá alájọgbélé tí mo lè sọ fún pé ẹ bá mi gbà á, mò ń bọ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì kò ní lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Bí ènìyàn bá jẹ́ aṣọ lóòótọ́, ìhòòhò ni mo wà níbí.

Àkókò ni àwọn òṣìṣẹ́ ibí fi jù yín lọ. Òfin ibí fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 52. Owó ń wọlé fún ọ̀sẹ̀ 39 nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè kọ̀wé láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun tún àkókò iṣẹ́ tò. Ọ̀gá lè kọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù méjì, kó sì sọ ìdí. Mo kọ tèmi, pé kí wọ́n yọ mí kúrò nínú ṣífíìtì alẹ́. Wọ́n gbà. Ẹ̀rọ kankan kò sì tìtorí ẹ̀ dúró.

Àánú kọ́ ló bí àwọn òfin wọ̀nyí, ìjà ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n lé àwọn obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ kúrò kí àwọn ọkùnrin lè gbapò wọn padà. Rachel Parsons, tí ìdílé rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní Newcastle, ìlú tí kò jìnnà síbí, àti ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó dá Women's Engineering Society, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, sílẹ̀ ní 1919. Lọ́dọ̀ tiwa, Joana Maduka wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ APWEN sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ẹnjiníà. Síbẹ̀, NSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, lo ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún kí obìnrin tó jẹ ààrẹ rẹ̀, ìyẹn Margaret Oguntala. Ó ń dùn mí láti máa ro iye àwọn tó já sílẹ̀ lọ́nà ní irú ọdún tí o wà yìí.

Ohun tí òfin Nàìjíríà fún ọ kò pọ̀: ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán. Oṣù mẹ́fà tí ìjọba Èkó kéde ní 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló wà fún. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kan náà sọ pé ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́. Béèrè fún un, lórí ìwé. Ní kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, kí o lè kúrò ní Ikẹjà ní wákàtí kan ṣáájú kí ọ̀nà tó dí. Béèrè yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ àti fíríìjì, níbi tí o ti lè fún omi ọmú pamọ́. Má dá lọ. Kí àwọn obìnrin tó wà ní láàbù yín bá ọ fọwọ́ sí i.

Sọ fún ọkọ rẹ pé màá pè é lọ́jọ́ Àìkú. Orúnkún ń dun Màmá. Ọkọ rẹ náà ní ẹ̀yìn tó lè gbé ọmọ pọ̀n.

Fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó fún ọ̀gá rẹ, kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.