Bẹ́ǹṣì Màláàmù Onítíì àti Àga Ìjọ Wa

 

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. A ò fẹ́ wàásù. Ìjẹ́wọ́ la fẹ́ ṣe. Ara wa la máa kọ́kọ́ bá wí ká tó bá ẹnikẹ́ni wí.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgàndó àti àyíká wọn, ẹ mọ àwọn mai shai dáadáa. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì onípákó méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́tùrù tí èéfín ti sọ di dúdú, agolo mílíìkì, Lipton, Milo, búrẹ́dì, ẹyin, àti Indomie tí wọ́n tò lé ara wọn. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Island á ti jáde nílé láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, wọn ò ní wọlé títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yà sí kí wọ́n tó délé.

A ti fi ẹnu ara wa wàásù lòdì sí bẹ́ǹṣì yẹn rí. A ní ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń fi àkókò ṣòfò, bọ́ọ̀lù lẹ́nu, òṣèlú lẹ́nu, nígbà tí ìpàdé àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ìjọ pariwo Àmín. Inú wa dùn, a rò pé a ti ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan lásìkò òjò ọdún tó kọjá, a ń bọ̀ láti ìpàdé kan ní Ẹgbẹ́dá. Mọ́tò wa kú sójú ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndó, òjò sì ń rọ̀ gan-an. Mẹkáníìkì tá a pè ní ká fún òun ní wákàtí kan. A bá sáré wọ abẹ́ tapólì màláàmù onítíì kan. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà ti wà níbẹ̀. A rí àyè kan ní ìkangun bẹ́ǹṣì, a fẹ́ jókòó. Ni màláàmù bá sáré wá, ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní: "Baba, ẹ má bínú. Ẹnì kan ń bọ̀, ibẹ̀ yẹn ló máa ń jókòó. Ẹ wá síbí, mo ti nù ún fún yín."

Ó yà wá lẹ́nu. Bẹ́ǹṣì pákó lásán, etí títì, ẹnì kan ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀! A jókòó síbi tó fi hàn wá. Kò pẹ́ ni ẹni tó ni àyè náà dé, tí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Kò tíì jókòó dáadáa tí kọ́ọ̀pù rẹ̀ fi dé iwájú rẹ̀: Milo púpọ̀, mílíìkì díẹ̀, kò sí ṣúgà. Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti mọ bó ṣe ń fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ará, ọmọ ìjọ wa ni.

Ó gbà pé ká sọ ìtàn yìí, ó kàn ní ká má dárúkọ òun. Bó ṣe rí wa báyìí, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú alẹ́, Dádì." Ọkàn wa wá ń ṣírò. Ìgbà wo la rí i kẹ́yìn nínú ìjọ? Ká má purọ́, a ò mọ̀. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé kì í wá mọ́. Òun ló sọ fún wa pé ó ti pé oṣù méjì.

A bi í pé kí ló dé. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Nígbà tó yá, ó tú u sílẹ̀. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n sì dá a dúró. Ọ̀rọ̀ di ìjà nílé, ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló lé e kúrò nínú ìjọ. Ó ní: "Dádì, Sunday tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí ò tíì san ẹ̀jẹ́ owó ilé ìjọsìn, èmi ni ìkẹta. Gbogbo èèyàn yíjú wò mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ta ló ní kí wọ́n ka orúkọ? Àwa ni. A rò pé ojú á ti wọn, wọ́n á tètè san án. Ojú tì wọ́n lóòótọ́.

Ó wá sọ èyí tó gún wa lọ́kàn jù. Ó ní òun jẹ màláàmù náà lówó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màláàmù kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó wà lábẹ́ tábìlì, kò fìgbà kan sọ ọ́ lójú àwọn tó kù. Nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀, tí kò yọjú fún ọjọ́ mẹ́ta, màláàmù rán ọmọ tó ń bá a fọ abọ́ lọ sílé rẹ̀, ó fi búrẹ́dì àti tíì rán an. Ìjọ wa ńkọ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ la fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń lọ sórí fóònù gbogbo èèyàn, ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá: a ṣàárò rẹ. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Mùsùlùmí ni màláàmù yẹn o. Ìtàn ará Samáríà inú Lúùkù orí kẹwàá la rántí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti fi wàásù, a máa ń fi ara wa sí ipò ará Samáríà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa ni àlùfáà tó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá.

Láti ìgbà náà la ti ń ronú nípa irú ibi báyìí. Ohun tó jẹ́ bẹ́ǹṣì mai shai lọ́dọ̀ wa, ilé kọfí ni lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ti ń bá a jà. Ní Mẹ́kà lọ́dún 1511, gómìnà ìlú fòfin de kọfí àti àpéjọ tí wọ́n ń ṣe nídìí rẹ̀, òfin náà ò pẹ́ tó fi yẹ̀. Ní London, ọdún 1652 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Pasqua Rosée ṣí ilé kọfí àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kọ́bọ̀ kan péré, o ti rí kọfí mu, o ti rí ìjókòó, o sì máa gbọ́ ìròyìn. Ọba Charles Kejì bínú, ó pàṣẹ lópin ọdún 1675 pé kí wọ́n ti gbogbo wọn pa. Ariwo ta, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ọba fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Nínú ilé kọfí tí Edward Lloyd ṣí, níbi tí àwọn oníṣòwò ojú omi ti ń pàdé, ni Lloyd's tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìbánigbófò lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1989, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Ray Oldenburg, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ilé ni ibi àkọ́kọ́ fún èèyàn, ibi iṣẹ́ ni ìkejì, ṣùgbọ́n èèyàn tún nílò ibi kẹta: ibi tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, tí ipò kì í ká ẹnikẹ́ni mọ́, tí ojú ti mọ ara wọn.

Ẹ̀yin ará, fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Alímọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kó jẹ́ ibi kẹta yẹn. Adúgbò wo ni kò sí tiwa? Ṣùgbọ́n láago mẹ́wàá alẹ́ tí àárẹ̀ ti mú ọkùnrin kan, tí kò tíì fẹ́ wọ inú yàrá tó dá wà, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Iná màláàmù ló ń tàn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ní tiwọn. Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ máa ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ilé kọfí kan ní Ìkẹjà, nítorí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. A bi í pé kí ló dé tó fi ń náwó tó tóyẹn lórí kọ́ọ̀pù kọfí kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Dádì, wọ́n máa ń bi mí ní orúkọ mi, wọ́n á kọ ọ́ sára kọ́ọ̀pù, wọ́n á fi pè mí." Orúkọ yẹn náà la kà jáde nínú ìjọ tiwa, àmọ́ gbèsè la fi kà á. Bẹ́ẹ̀ Jésù sọ nínú Jòhánù orí kẹwàá pé olùṣọ́-àgùntàn máa ń fi orúkọ pe àwọn àgùntàn rẹ̀. Kò sọ pé ó ń fi pariwo lé wọn lórí.

Ṣùgbọ́n ká má bá ọ̀rọ̀ náà lọ jìnnà ju bó ṣe yẹ. Bẹ́ǹṣì mai shai níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Arákùnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé oṣù méjì tóun fi ń lọ síbẹ̀, òun ò sọ fún ẹnì kankan pé ìyàwó òun ti lọ. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ bó ṣe ń mu Milo, wọn ò mọ ìdí tí kì í fẹ́ lọ sílé. Nílé kọfí, ẹni tó wù ẹ́ lo máa jókòó tì. Tó bá sú ẹ, o gbé báàgì ẹ, ó di gbére. Nínú ìjọ, onílé àti ayálégbé tó ń bá ṣe ẹjọ́ á jókòó sórí ìlà kan náà, wọ́n á sì jọ gba oúnjẹ Olúwa. Ẹnì kan á ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ẹ pé: ibi tó o gbà yìí kò dáa, jẹ́ ká jọ padà.

Ohun tí a ṣe nìyẹn. Àwa àti alàgbà méjì bá a lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Ṣágámù. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀bẹ̀. Bàbá ìyàwó wò wá títí, ó ní: "Ẹ̀yin pásítọ̀, níbo lẹ wà látọjọ́ yìí?" A ò rí èsì fọ̀. A lọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó gbé ọmọ, ó bá wa wálé. Màláàmù ò lè ṣe ìyẹn fún un, tiwa ni. Oṣù méjì la sì fi jẹ́ kó máa dúró dè wá.

A tún yọ nínú owó ilé ìjọsìn, a fi ran tọkọtaya náà lọ́wọ́ lórí owó ilé wọn. Àwọn alàgbà kan ò fara mọ́ ọn, a sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n a bi wọ́n pé ta la ń kọ́ ilé ìjọsìn náà fún.

A wá lọ bá màláàmù pé ká bá arákùnrin wa san gbèsè rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní: "Baba, gbèsè tirẹ̀ ni. Ó máa san." Lóòótọ́, ó san án díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tán. A kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ náà: a lè ran èèyàn lọ́wọ́ ká má sì gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

A ò ka orúkọ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́ nínú ìjọ wa. Àwọn tó ń jókòó pa pọ̀ ló ń wo ara wọn. Bí àga ẹnì kan bá ṣófo, wọ́n á pè é tàbí kí wọ́n lọ sílé rẹ̀ kí Tuesday tó dé. Lálẹ́ Thursday, ilẹ̀kùn wa ń ṣí sílẹ̀ títí di aago mọ́kànlá: kò sí ìwàásù, kò sí àpótí ọrẹ. Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, tíì wà lẹ́yìn ìsìn, màláàmù wa yẹn la bẹ̀ pé kó wá pò ó, a sì ń sanwó fún un. Ìyá àgbà kan bi wá pé: "Pásítọ̀, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ti di búkà ni?" A ní rárá, Màmá. Ẹ lọ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì: ilé dé ilé ni wọ́n ti ń jẹun pọ̀.

Ká sọ òótọ́, Sunday àkọ́kọ́ yẹn, olówó dúró ti olówó, àwọn kan gbé kọ́ọ̀pù wọn, ó di ilé. Tíì kò lè bá wa nífẹ̀ẹ́ ara wa. Ó kàn lè mú ká dúró díẹ̀ ni.

Arákùnrin wa ò tíì rí iṣẹ́ gidi. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láwọn ọjọ́ kan. Ó ti padà sínú ìjọ, ó sì ṣì ń lọ sórí bẹ́ǹṣì yẹn lálẹ́. A ò ní kó má lọ. Nígbà míì, a máa ń yà bá a níbẹ̀. Màláàmù ti wá mọ tiwa náà: Lipton, mílíìkì, ṣúgà kan.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan wà fún yín lálẹ́ yìí. Ẹ rántí ẹnì kan tó máa ń jókòó nítòsí yín nínú ìjọ, tí ẹ ò rí fún ọjọ́ mẹ́ta kan. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ẹ pè é, kó gbọ́ ohùn yín, kẹ́ ẹ sì dárúkọ rẹ̀.

Ọlọ́run tó mọ orúkọ wa kò ní jẹ́ kí àga wa ṣófo láìsí ẹni tó máa béèrè wa, lórúkọ Jésù. Tẹ́ ẹ bá ti pe ẹni yẹn tán, kẹ́ ẹ tó wá kọ Àmín sísàlẹ̀.