Ẹni Tó Wà Nítòsí Ló Kọ́kọ́ Ń Rí I

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Wọ́n sábà máa ń sọ pé aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kì í sábà dédé dákú. Ara rẹ̀ á ti máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí mélòó kan: mímí rẹ̀ á yára, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dàrú. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ta ló rí i, ta ló sì láyà láti pariwo?

Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á sọ fún dókítà kékeré, dókítà kékeré á wá ọ̀gá rẹ̀ lọ, ọ̀gá á ní kí wọ́n ṣì máa wò ó ná. Kí ọ̀rọ̀ tó dókè, ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́dún 1990, Liverpool Hospital ní ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tó máa ń sáré wá sí wọ́ọ̀dù bí ara aláìsàn bá ń burú sí i. Wọ́n kọ àwọn àmì ewu sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá rí ọ̀kan nínú wọn lè pè wọ́n fúnra rẹ̀, kò ní tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kódà bí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣáà balẹ̀, ó lè pè.

Àmọ́ ikọ̀ nìkan kò tó. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn 23 ní Ọsirélíà, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2005. Wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwọn tó ní ikọ̀ àtàwọn tí kò ní. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé àmì ewu hàn lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pe ikọ̀. Ṣé ẹ rí i?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 13 kan, Martha Mills, kú lọ́dún 2021. Ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, ó fi inú ṣèṣe, kòkòrò àìsàn sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Àwọn òbí rẹ̀ rí i pé ara ọmọ àwọn ń burú sí i, wọ́n sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Láti ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ ti ń lo òfin tí wọ́n fi sọrí rẹ̀: ẹbí aláìsàn lè fúnra wọn pe ikọ̀ mìíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ńkọ́? Àwa tí a wá láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun tàbí Èkó, ìrìn ọjọ́ kan ni ilé sí wa. Ẹni tó sùn sórí bọ́ǹkì òkè ni ìyá ẹni tó sùn sísàlẹ̀. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ JSS1 kan ń mí hẹlẹhẹlẹ lóru. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti jí sínìọ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn mátírọ̀nì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ọmọ náà ti yá. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, sínìọ̀ kan bá ọmọ kékeré yẹn wí pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Mo mọ̀ pé a kì í fojú di àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká lẹ òfin kan mọ́ ògiri: bí ara ẹnì kan kò bá yá lóru, ẹnikẹ́ni lè kan ilẹ̀kùn mátírọ̀nì láìgba àṣẹ, a kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ inú rírun lásán. Ẹni tí wọ́n jí láìnídìí á ṣáà tún sùn padà.